Áàpù tí ẹ kò lò mọ́ lórí kọ̀ǹpútà: bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ àti bí ẹ ṣe máa yọ wọ́n (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Windows 10 àti Windows 11 ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn yìí dá lé, torí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Mac àti Ubuntu wà nísàlẹ̀ pátápátá. A fi orúkọ bọ́tìnì àti ojú ewé Settings sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa rí i lójú kọ̀ǹpútà.

Bí mo bá yọ áàpù tí n kò lò, ṣé kọ̀ǹpútà mi á yára sí i?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí áàpù náà ń ṣe nígbà tí ẹ kò ṣí i. Èyí tó kàn jókòó sórí dísìkì láìmira kò jẹ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), kò sì fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn. Ààyè nìkan ló gbà. Mavis Beacon tí ẹnì kan fi kọ́ títẹ̀wé lọ́jọ́sí, tí kò sẹ́ni tó ṣí i mọ́, kò ní kí Word má tètè ṣí.

Ẹlẹ́jọ́ ni èyí tó ń jí nígbàkigbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà: èyí tó ń wá update fúnra rẹ̀, èyí tó ń ṣọ́ prínítà tí ẹ ti tà, èyí tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, kí ẹ lọ sí Startup apps (Startup ló ń jẹ́ lórí Windows 10). Ẹ máa rí òpó Status àti Startup impact níbẹ̀. Áàpù tí wọ́n kọ Enabled àti High sí, tí ẹ kò sì tíì fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́ta, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú.

Ààyè náà máa ń di wàhálà tó bá yá. SSD (irú dísìkì tó yára) 128 GB ni Windows ń kà sí nǹkan bí 119 GB. Bí 110 bá ti kún nínú rẹ̀, update Windows kò ní ríbi jókòó, kọ̀ǹpútà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Ẹ jẹ́ kí ó kéré tán 10% ṣófo. 15% ló tiẹ̀ dára jù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí n kò lò? Orúkọ tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, mi ò sì mọ ìdajì wọn.

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, yíyọ kò le tó o. Kò sí ojú ewé kan nínú Windows tó máa sọ fún yín pé ọjọ́ báyìí lẹ lo áàpù báyìí kẹ́yìn. Láyé Windows XP, Add or Remove Programs máa ń kọ rarely, occasionally tàbí frequently síwájú áàpù, ṣùgbọ́n ìméfò lásán ló sábà máa ń jẹ́, kò sì bá Windows dé Vista. Ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ kó jọ, kí ẹ fi ọ̀kan ti èkejì lẹ́yìn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú fódà C:\Windows\Prefetch. Windows máa ń ṣe fáìlì kékeré kan síbẹ̀ fún áàpù tó bá ṣí, kó lè tètè ṣí i lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ṣí fódà náà nínú File Explorer, ẹ tẹ Continue bó bá béèrè àṣẹ, ẹ yan View, kí ẹ yan Details, kí ẹ wá tẹ orí òpó Date modified kó bá yín tò wọ́n. VLC.EXE tí lẹ́tà àti nọ́ńbà tẹ̀ lé ni ti VLC. Ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Láti Windows 8 wá, fáìlì 1,024 ni fódà náà lè gbà, nítorí náà áàpù tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá ti pẹ́ gan-an tó ti ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: áàpù tó ń jí fúnra rẹ̀ láràárọ̀ máa ní ọjọ́ òní níwájú, bẹ́ẹ̀ ẹ kò lò ó. Ẹ sì rí i pé orúkọ áàpù gan-an lẹ ń wò, kì í ṣe ti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ń bá a wá update. Bí fódà náà bá ṣófo, a jẹ́ pé ẹnì kan ti pa Prefetch lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Ìran la wá wò.

Ẹ̀rí kejì ni owó dátà yín. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Advanced network settings, Data usage. Ó máa fi bí áàpù kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ dátà ní ọjọ́ 30 sẹ́yìn hàn yín. Áàpù tí ẹ kò ṣí rí, tó wá jẹ 800 MB nínú dátà tí ẹ fowó rà, kò yẹ kó pẹ́ nínú ilé.

Lórí Windows 11, ẹ tún wo Settings, System, Storage, Cleanup recommendations. Ibẹ̀ ni àkọlé Unused apps wà. Ó dáa láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kàn yan gbogbo rẹ̀ kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì.

Ẹ wo iṣẹ́ tí áàpù náà ń bí pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ Photoshop, ẹ wá *.psd nínú File Explorer, kí ẹ tò ó nípa ọjọ́. Tó bá jẹ́ pé 2021 lẹ fi èyí tó kẹ́yìn pa mọ́, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Ẹ̀rí tó kù, ẹnu ni wọ́n fi ń wá a: ẹ bi àwọn tí ẹ jọ ń lo kọ̀ǹpútà. Áàpù ìdánrawò JAMB tí ẹ kò mọ̀dí lè jẹ́ ti ọmọ tó máa ṣèdánwò lọ́dún tó ń bọ̀. Áàpù ìṣírò owó tí ẹ kì í ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, nígbà tí owó orí bá dé, kì í ṣe áàpù tí ẹ kò lò. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ sí ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ di Disabled nínú Startup apps, ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò lójú Desktop, kí ẹ fún un ní oṣù kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ to ìgbésẹ̀ yíyọ rẹ̀ fún mi.

1. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sínú iná, tàbí kí bátìrì tó 50% ó kéré tán.
2. Ẹ wá Create a restore point nínú Start; òun ni Windows lè padà sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Nínú System Protection, bí wọ́n bá kọ Off síwájú dísìkì C, ẹ tẹ Configure, ẹ yan Turn on system protection, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Create. Kì í tọ́jú fọ́tò àti ìwé yín. Ètò Windows àti áàpù ló ń tọ́jú.
3. Ẹ pa áàpù náà pátápátá. Bí àmì rẹ̀ bá wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, níbi aago, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Exit tàbí Quit.
4. Ẹ lọ sí Settings, Apps, Installed apps; lórí Windows 10, Apps & features ló ń jẹ́. Ẹ tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà níwájú áàpù (lórí Windows 10, ẹ tẹ orúkọ áàpù náà gan-an), ẹ yan Uninstall.
5. Ẹ ka ohun tó bá béèrè kí ẹ tó tẹ Yes. Àwọn kan máa béèrè bóyá kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ yín rẹ́ pẹ̀lú.
6. Ẹ tẹ Restart. Ẹ má tẹ Shut down.

Ìgbésẹ̀ kẹfà yẹn kì í ṣe àṣejù. Ọ̀pọ̀ laptop ni Fast Startup ti wà ní títàn. Bí ẹ bá tẹ Shut down, Windows kò pa ara rẹ̀ tán, ó kàn tọ́jú ọkàn rẹ̀ sórí dísìkì ni. Fáìlì tí wọ́n ní kó parẹ́ nígbà títàn kò ní parẹ́, ẹ ó sì máa rò pé áàpù náà ń ṣorí kunkun.

Ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà: ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ appwiz.cpl. Ó fi ọjọ́, ìwọ̀n àti ẹni tó ṣe áàpù hàn lójú kan, àmọ́ kò fi áàpù tó wá láti Microsoft Store hàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá lórí Terminal, níbi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lè kọ winget list, kó sì fi winget uninstall --id yọ èyí tó fẹ́. Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lò láti fi kà wọ́n ni Win32_Product, tí àwọn kan ṣì ń fi kọ́ni: gbogbo áàpù MSI (èyí tí Windows Installer fi sí) ló máa yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe láìjẹ́ pé ẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ síwájú áàpù kò bá ààyè tí mo rí mu?

Áàpù fúnra rẹ̀ ló sọ ìwọ̀n yẹn fún Windows lọ́jọ́ tó dé, ọ̀pọ̀ kì í tún un sọ mọ́. Kì í ka ohun tó kó jọ lẹ́yìn náà: fọ́tò, fídíò, ìdọ̀tí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, tí àyè wọn fi ṣófo. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ààyè lọ lóòótọ́, WinDirStat jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì máa ya àwòrán dísìkì yín ní àpótí-àpótí.

Microsoft Visual C++ Redistributable pọ̀ bí ewé nínú àkójọ náà. Ṣé kí n dá ọ̀kan sí, kí n yọ ìyókù?

Rárá o. Àwọn áàpù mìíràn ló ń yá irinṣẹ́ inú wọn lò. Ti 2005, 2008, 2010, 2012 àti 2013 kò lè rọ́pò ara wọn; àyàfi láti 2015 wá ni Microsoft so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ x86 sí kò sì di àlòkù nítorí pé kọ̀ǹpútà yín jẹ́ 64-bit, torí áàpù 32-bit ṣì ń lò ó. Gbogbo wọn pọ̀ kò gba ààyè tó fíìmù kan.

Bí ẹ bá ti yọ wọ́n ná, áàpù kan máa sọ pé òun kò rí VCRUNTIME140.dll tàbí MSVCP140.dll, ti 2015 sókè nìyẹn. MSVCR120.dll jẹ́ ti 2013, MSVCR100.dll jẹ́ ti 2010, MSVCR90.dll jẹ́ ti 2008. Ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wà á jáde (download), x86 àti x64. Ẹ má wa fáìlì dll ẹyọ kan láti ibùdó àjèjì. Kòkòrò sábà máa ń bá irú rẹ̀ wọlé.

Ẹ fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú: .NET Runtime, Microsoft Edge WebView2 Runtime tí Teams àti Outlook tuntun ń lò, àti ohunkóhun tó jẹ́ ti Intel, AMD, Realtek tàbí Synaptics. Ẹni tó bá yọ ti Realtek lè tan orin, kó má gbọ́ ohùn. Ẹni tó bá yọ ti Synaptics lè máa fi ìka pa ojú touchpad tí kò ní dáhùn dáadáa.

Laptop tòkunbọ̀ ni mo rà, áàpù sì kún inú rẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹrù ń gbà dé orí laptop àlòkù. Ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni àkọ́kọ́: antivirus ìdánwò tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, eré, àti áàpù ìpolówó. Ẹ lè yọ gbogbo wọn. Lórí HP, bí ẹ bá rí HP Wolf Security, ó ní bí wọ́n ṣe ń tò ó: ẹ kọ́kọ́ yọ HP Wolf Security, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn bó bá béèrè, lẹ́yìn náà HP Wolf Security - Console, kí ẹ fi HP Security Update Service kẹ́yìn. HP Support Assistant, Dell SupportAssist tàbí Lenovo Vantage lẹ lè dá sí, torí òun ló ń mú update BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó jí) wá.

Ti ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ ni èkejì. Ẹ wo Settings, Accounts, Access work or school. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ òkèèrè kan bá ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá yíyọ áàpù. Wọ́n ṣì lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà náà láti ibi tí wọ́n wà. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á kó yanjú rẹ̀.

Ti ẹni tó tà á ni ẹ̀kẹta, òun ló sì léwu jù. Láti Computer Village ní Ìkẹjà dé ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, kì í ṣòro láti rí laptop tí wọ́n ti fi Office àfipájà sí, pẹ̀lú irinṣẹ́ KMS tó ń tan Windows jẹ pé a ti san owó. Windows Defender, antivirus tó bá Windows wá, máa ń pe irú rẹ̀ ní HackTool:Win32/AutoKMS. Kí Defender má bàa rí i, ẹni tó fi í sí sábà máa ń sọ fódà rẹ̀ di èyí tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ lọ sí Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings, kí ẹ sún sísàlẹ̀ dé Exclusions. Lórí kọ̀ǹpútà ilé, ó yẹ kí ibẹ̀ ṣófo. Bí kò bá ṣófo, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ ṣe Full scan. LibreOffice jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣí fáìlì Word àti Excel.

Láìfọ̀rọ̀ gùn, laptop tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí fáìlì yín kò tíì sí lórí rẹ̀, kò tó ohun tí èèyàn ń ṣa áàpù inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́: Settings, System (lórí Windows 10, Update & Security), Recovery, Reset this PC, Remove everything. Bí ẹ bá yan Cloud download, Windows tuntun ló máa wà jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì, dátà rẹ̀ sì lè tó 4 GB. Local reinstall kò ná yín ní dátà, ṣùgbọ́n Windows tó wà nílẹ̀ yẹn náà ló máa tún tò.

Áàpù modem MTN, Glo àti Airtel wà lórí rẹ̀, fóònù ni mo sì fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí.

Ẹ yọ gbogbo wọn. Modem USB wọ̀nyẹn ló ń gbé áàpù wọn sínú ara bíi CD, tí wọ́n ń fi sí kọ̀ǹpútà fúnra wọn ní kété tí ẹ bá kì wọ́n bọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń fi driver, ìyẹn ohun tí Windows fi ń bá modem sọ̀rọ̀, sílẹ̀ lẹ́yìn yíyọ. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ yan View, Show hidden devices. Lábẹ́ Modems, Ports àti Network adapters, èyí tó ṣú bàìbàì tí ó sì ń jẹ́ orúkọ modem yín ni kẹ́ ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ̀, kí ẹ yan Uninstall device. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n kọ WAN Miniport sí; ti Windows ni.

Ṣé n kò lè kàn pa fódà áàpù náà rẹ́ nínú Program Files?

Ẹ má ṣe é. Inú fódà yẹn ni irinṣẹ́ tí áàpù náà máa fi yọ ara rẹ̀ wà. Lọ́pọ̀ ìgbà unins000.exe ló ń jẹ́. Bí ẹ bá pa á rẹ́, orúkọ áàpù á ṣì wà nínú àkójọ, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀ á máa gbìyànjú láti jí, kò sì ní sí ohun tí ẹ máa fi yọ ọ́. Áàpù portable nìkan ló yàtọ̀, ìyẹn èyí tí ẹ kàn tú sínú fódà kan tí ẹ sì ń ṣí láti ibẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú àkójọ kankan; pípa fódà rẹ́ ni yíyọ rẹ̀.

Áàpù náà kọ̀, kò fẹ́ kúrò. Kí ni kí n ṣe?

Ohun tó bá kọ sójú kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Error 1618 túmọ̀ sí pé ohun mìíràn ń wọlé tàbí ń jáde lọ́wọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Windows Installer ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní sùúrù, tàbí kí ẹ tẹ Restart.

Bó bá ní áàpù ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ wá a nínú Task Manager, ẹ tẹ End task. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ sí Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ohun tó pọn dandan nìkan. Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ Windows Installer kì í jí nínú Safe Mode, nítorí náà áàpù MSI kò ṣeé yọ níbẹ̀.

Bó bá ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ áàpù náà, tó sì béèrè bóyá kí òun pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àkójọ, ẹ tẹ Yes.

Bó bá ń béèrè fáìlì .msi tí ẹ kò mọ ibi tó wà, ó jọ pé ẹnì kan ti wá ààyè lọ sínú C:\Windows\Installer. Fódà yẹn máa ń tóbi, ó sì ń dán ojú ẹni wò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Windows ń tọ́jú ohun tó fi ń yọ áàpù sí. Ẹ wa áàpù náà, irú ẹ̀dà kan náà gan-an, ẹ tún un fi sí, kí ẹ wá yọ ọ́. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀dà yẹn, Microsoft ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Program Install and Uninstall troubleshooter.

Ẹ̀yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni kẹ́ ẹ tó lo áàpù bíi BCUninstaller tàbí Revo Uninstaller. BCUninstaller jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń rí àwọn tí kò sí nínú àkójọ Windows. Ó tún máa ń dá àbá àwọn ìyókù tó yẹ kẹ́ ẹ pa rẹ́. Èyí tó bá ní ó dá òun lójú nìkan ni kẹ́ ẹ gbà.

Iná lọ nígbà tí mo ń yọ áàpù lọ́wọ́. Ó ti wá di pé kò ṣí, kò sì jáde.

Ìdajì ti lọ, ìdajì ṣì kù. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣa ìyókù. Ẹ tún fi ẹ̀dà kan náà sí lórí rẹ̀ kó lè pé padà, ẹ tẹ Restart, kí ẹ wá yọ ọ́ bó ṣe yẹ. Bí Windows fúnra rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, ẹ padà sí restore point tí ẹ ṣe ní ìgbésẹ̀ kejì.

Kí ni ó yẹ kí n tọ́jú kí n tó yọ áàpù?

Ìwé àṣẹ áàpù olówó ni àkọ́kọ́. Adobe ń gbà kẹ́ ẹ lo áàpù rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjì. Ẹ jáde nínú rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, kí àyè yín lè ṣí. Áàpù ìṣírò owó: ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì ilé iṣẹ́ sórí flash, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kó tó di pé ẹ yọ áàpù. Outlook: fáìlì .pst, tí lẹ́tà ímeèlì yín wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń yọ Firefox tàbí Opera, ẹ kó ọ̀rọ̀ aṣínà àti bookmark inú rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé.

Àwọn wo ni kò yẹ kó sun orí kọ̀ǹpútà mọ́ dìla?

Adobe Flash Player, tí wọ́n fi ń wo fídíò àti eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀: Adobe fọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ ní 31 oṣù Kejìlá 2020, ó sì ti dá a dúró pé kó má ṣiṣẹ́ láti 12 oṣù Kìíní 2021. Ohun tó bá ní kẹ́ ẹ fi Flash sí lónìí, kòkòrò ni. QuickTime, áàpù fídíò Apple, lórí Windows: Apple kò tún un ṣe mọ́, US-CERT, àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba Amẹ́ríkà, sì ti ní kí gbogbo èèyàn yọ ọ́ láti oṣù Kẹrin 2016. Silverlight, irú Flash ti Microsoft: 12 oṣù Kẹwàá 2021 ló parí.

WinRAR, tó ń tú fáìlì tí wọ́n dì pọ̀, yẹ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, torí kò sí laptop tí kò dé. Kì í wá update fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n fi sí lọ́dún 2014 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n rí ihò kan nínú rẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 19, ẹ̀dà 5.70 ló dí i. Ní 2023 wọ́n tún rí òmíràn, àwọn ọ̀daràn sì ti ń lò ó kí ẹ̀dà 6.23 tó dé ní oṣù Kẹjọ. Bí tiyín kì í bá ṣe ẹ̀dà tó tuntun jù, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ fi tuntun sí. Windows 11 ti ń ṣí fáìlì RAR fúnra rẹ̀ láti ìparí 2023, nítorí náà ọ̀pọ̀ kò tiẹ̀ nílò rẹ̀ mọ́.

Ṣé antivirus méjì kò ní dáàbò bò mí ju ọ̀kan lọ?

Wọ́n á máa ṣọ́ ara wọn. Ẹ dá ọ̀kan sí. Bí ẹ bá yọ èyí tí ẹ fowó rà, Defender máa jí padà fúnra rẹ̀. Antivirus kan kì í jáde tán láti Installed apps; ẹni tó ṣe é sábà máa ń ní irinṣẹ́ ìyọkúrò tirẹ̀ lórí ibùdó rẹ̀.

Mo ti yọ ọ́, àmọ́ fódà rẹ̀ ṣì wà. Ṣé kí n tún lo áàpù tó ń fọ registry?

Ẹ kọ %AppData%, %LocalAppData% àti %ProgramData% lọ́kọ̀ọ̀kan sínú File Explorer. Bí ẹ bá rí fódà tó ń jẹ́ orúkọ áàpù tó ti lọ, ẹ fi _old kún orúkọ rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ohunkóhun kò bá bàjẹ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má dé ibi fódà Microsoft, Packages tàbí Common Files. Ẹ tún wo Task Scheduler, torí iṣẹ́ update máa ń kù síbẹ̀.

Ní ti fífọ registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò ara rẹ̀ àti ti áàpù sí, ẹ má ṣèyọnu. Ìlà ọgọ́rùn-ún tí áàpù fi sílẹ̀ kò wúwo tó ìwé kan, kò sì mú kọ̀ǹpútà lọ́ra. Microsoft kò fọwọ́ sí irú áàpù bẹ́ẹ̀, bí èyí tí ẹ lò bá sì pa ìlà tó wúlò rẹ́, Windows lè má tàn mọ́. Irinṣẹ́ ìfọ̀mọ́ fúnra rẹ̀ sì lè di ẹnu ọ̀nà: ní 2017 àwọn ọ̀daràn wọ inú CCleaner 5.33, kòkòrò sì bá a dé orí kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù méjì.

Uninstall kò ṣeé tẹ̀ lórí àwọn áàpù tó bá Windows wá. Àwọn mìíràn sì máa ń padà wá.

Ẹni tó mọ PowerShell lè lo Get-AppxPackage láti wá orúkọ rẹ̀, kó fi Remove-AppxPackage yọ ọ́. Ẹ má yọ Microsoft Store fúnra rẹ̀. Mímú un padà kì í rọrùn. Áàpù tó bá ń padà wá lẹ́yìn update ńlá, Windows ló ń tún un tò; bí ó bá kéré, ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò nínú Start, kí ẹ jẹ́ kó sùn.

Mac ni mo ń lò.

Mac ṣe ohun tí Windows kò ṣe. Ẹ ṣí Applications nínú Finder, ẹ fi sí List, ẹ tẹ Command àti J, kí ẹ fi àmì sí Date Last Opened. Ọjọ́ tí ẹ ṣí áàpù kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn á jáde, ẹ sì lè tò wọ́n. Bí áàpù náà bá ní Uninstaller tirẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ lò. Bí kò bá ní, ẹ wọ́ ọ lọ sínú Trash, kí ẹ wá wo Application Support, Caches àti Containers nínú fódà Library yín. Èyí tó bá ṣì ń jí lẹ́yìn ìyẹn máa wà nínú LaunchAgents tàbí LaunchDaemons. Áàpù Apple bíi Safari kò ṣeé yọ, ẹ má fipá mú un.

Ubuntu ńkọ́?

Terminal lẹ máa kọ àwọn àṣẹ yìí sí. apt-mark showmanual ló máa to àwọn tí ẹ fọwọ́ ara yín fi sí, àti àwọn tó bá Ubuntu wá. Ẹ fi popularity-contest sí, kí ẹ lo popcon-largest-unused; ó máa to àwọn tí ẹnì kan kò ṣí láti ìgbà pípẹ́, láti orí èyí tó tóbi jù. Ìgbà tí wọ́n ka fáìlì kẹ́yìn ló ń wò, nítorí náà bí dísìkì yín bá wà lórí noatime, ètò tí kì í jẹ́ kí wọ́n kọ ìgbà yẹn sílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé; relatime tó wà nílẹ̀ kò ní bà á jẹ́.

sudo apt remove fi fáìlì ètò sílẹ̀, sudo apt purge kó o lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sudo apt autoremove. Kí ẹ tó tẹ Y, ẹ ka gbogbo orúkọ tó wà lábẹ́ REMOVED. Bí ẹ bá rí orúkọ tí ẹ kò retí níbẹ̀, pàápàá ubuntu-desktop tàbí gdm3 (tó ń gbé ojú ìwọlé hàn), ẹ tẹ N, kí ẹ wádìí rẹ̀ ná. Flatpak àti Snap jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí áàpù ń gbà wọ Ubuntu. Ti Flatpak ni flatpak uninstall --unused. Ti Snap ni snap list --all, tó ń fi ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n kọ disabled sí hàn. Bí ẹ bá lo snap remove, tí ààyè kò sì padà bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má bẹ̀rù: ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ áàpù náà fún ọjọ́ 31. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn, kó fi --purge kún un.